Ẹ pinnu kí ẹni tó ń béèrè tó dé: bí ilé-iṣẹ́ kékeré ṣe lè ṣètò ìtọrẹ àánú rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹnì kejì mi la jọ ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá la gbà. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa: ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ìjọ, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn, títí kan àwọn oníbàárà wa. Lọ́dún tó kọjá, a fún gbogbo wọn ní díẹ̀díẹ̀. Nígbà tá a ṣírò rẹ̀ lópin ọdún, owó náà pọ̀, àmọ́ a ò lè nàka sí ohun kan pàtó tá a fi ṣe. Ẹnì kejì mi ní ká jáwọ́, ó ní owó ilé-iṣẹ́ kì í ṣe owó àánú. Èmi rò pé ó yẹ ká ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá ká tiẹ̀ dá fáúńdéṣọ̀n tiwa sílẹ̀, ìyẹn àjọ aláàánú tó dá dúró. Èló ló yẹ ká yà sọ́tọ̀? Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọdún tó kọjá o. Ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Owó tó lọ láìní orí láìní ìdí ló ń bí òun nínú. Àánú àwọn tó ń béèrè ló ń ṣe ẹ̀yin. Bí mo ṣe rí i, ilé-iṣẹ́ yín ní ètò ìtọrẹ lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń kanlẹ̀kùn ló bá yín ṣe é. Ẹni tó tètè dé ló rí gbà, ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ló gba jù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lè má mọ ọ̀nà ilé-iṣẹ́ yín rárá. Gbogbo ohun tí màá sọ nísàlẹ̀ yìí, orí kan náà ló dá lé: ẹ pinnu iye owó, ẹ pinnu ibi tó ń lọ, ẹ pinnu ẹni tó ń dáhùn, kí ẹnikẹ́ni tó wá béèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnì kejì yín, torí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní 1951, ilé-iṣẹ́ A. P. Smith ní ìpínlẹ̀ New Jersey, tó ń ṣe ẹ̀rọ omi fún àwọn panápaná, pinnu láti fún Yunifásítì Princeton ní 1,500 dọ́là. Àwọn kan lára àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà fárí gá: wọ́n ní èrè ni wọ́n torí ẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ò rán ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ àánú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní New Jersey dá ẹjọ́ náà ní 1953, ó sì gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́. Àwọn adájọ́ wò ó pé ilé-iṣẹ́ ò lè gbèrú níbi tí ìlú ò ti gún, àti pé ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ ni láti ná díẹ̀ lára owó rẹ̀ sí ohun tó ń gbé ìlú ró. Ẹ kíyè sí i pé ẹjọ́ yẹn ò sọ pé dandan ni kí ẹnikẹ́ni tọrẹ. Ó kàn sọ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni. Fún ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ jọ ni ilé-iṣẹ́ yín, àdéhùn àárín yín ló wúwo ju òfin lọ. Bí ẹnì kejì yín bá fínnúfíndọ̀ fọwọ́ sí owó kékeré, ó sàn ju owó ńlá tẹ́ ẹ yọ nígbà tí ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Irú owó ńlá bẹ́ẹ̀ kì í tó ọdún méjì kó tó di ìjà.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo oníṣẹ́ kí n tó dárúkọ iye kankan fún wọn, ó sì máa ń dùn wọ́n díẹ̀. Ǹjẹ́ owó oṣù ń wọlé fún òṣìṣẹ́ yín lásìkò? Ǹjẹ́ ẹ ti san gbèsè onígẹdú àti ti oníṣó? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ onígẹdú lówó oṣù mẹ́ta, tó wá gbé sọ̀wédowó fún ilé àwọn ọmọ aláìníyàá, owó onígẹdú ló fi ń ṣàánú, onígẹdú ò sì mọ̀ pé òun ti di olóore. Lẹ́nu iṣẹ́ tiyín gan-an, ẹ wo ọ̀rọ̀ eruku igi. Láti 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ sára èèyàn. Bí ẹ̀rọ tó ń fa eruku ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa níbi iṣẹ́ yín, tí eruku ń wọ ilé àwọn aládùúgbò, ibẹ̀ ni kí owó àánú ọdún yìí lọ. Kò sí ẹni tó máa ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń mí eruku yẹn símú ló sún mọ́ yín jù.

Ó wá kan èló. Ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń pe "ìdá 1 nínú 100" kiri. Ìdá kan nínú kí ni? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Láti 1946 ni ilé ìtajà Dayton ní ìlú Minneapolis, tó di Target lónìí, ti ń yọ ìdá 5 nínú 100 èrè rẹ̀, kí owó-orí tó kúrò níbẹ̀. Patagonia tó ń ṣe aṣọ ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1985 láti máa yọ ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó ọjà tó bá tà, bóyá èrè wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní 2002, Yvon Chouinard tó dá Patagonia sílẹ̀ àti Craig Mathews dá ẹgbẹ́ 1% for the Planet sílẹ̀, owó ọjà tí wọ́n bá tà náà sì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn fi ń ṣírò tiwọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ká ní nínú gbogbo 100 tẹ́ ẹ tà, 8 ló ń ṣẹ́ kù bí èrè. Ìdá 1 nínú 100 owó ọjà yín ti jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ èrè yín nìyẹn. Bó bá jẹ́ 2 ló ṣẹ́ kù, ìdajì èrè ti lọ. Lọ́dún tí ẹ pàdánù, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ san. Ẹni tó ń ta aṣọ olówó ńlá tí èrè rẹ̀ nípọn lè dá a láṣà. Àga àti tábìlì kì í sábà mú irú èrè yẹn wá, nígbà tí igi, irin àti owó iná bá ti jẹ tiwọn. Torí náà, èrè ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ọjà títà.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 2 nínú 100 èrè, kí ẹ tó yọ owó-orí, kẹ́ ẹ sì fi èrè ọdún mẹ́ta tó kọjá wá agbedeméjì rẹ̀ (ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí mẹ́ta). Àgbékalẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ohun tí òfin ilé-iṣẹ́ Íńdíà ti 2013 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀ máa ná nìyẹn: ìdá 2 nínú 100 agbedeméjì èrè ọdún mẹ́ta. Òfin yẹn ò kan yín, ilé-iṣẹ́ yín kéré jù. Àmọ́ ọgbọ́n tó wà nínú ọdún mẹ́ta yẹn dára. Ọdún kan tí ọjà tà gan-an kì í jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ìlérí tí ọwọ́ yín ò ní ká lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí nǹkan bá sì dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún kan, àwọn tẹ́ ẹ ń ràn lọ́wọ́ ò ní ṣubú lójijì. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn ọdún méjì pé ìdá 2 ò ni yín lára, ẹ gbé e sókè. Láti gbé e sókè rọrùn. Bí ẹ bá já a wálẹ̀, ẹlòmíì ló máa san án.

Ẹ pín owó náà sọ́nà mẹ́ta. Nínú gbogbo 10, kí 7 lọ síbi iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ yàn. Kí 2 wà fún àwọn ìbéèrè kéékèèké àwọn aládùúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́ yín, torí kò ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa lé gbogbo èèyàn padà, kò sì dáa pàápàá. Kí 1 tó kù wà nílẹ̀ de iná tàbí omíyalé. Kò sí òfin kankan lẹ́yìn ìpín yìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń dáhùn mọ ìgbà tí apò ti gbẹ.

Iṣẹ́ wo lẹ máa yàn? Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì kẹ́ ẹ máa ronú ohun tí àwọn èèyàn nílò. Ẹ lọ bi wọ́n. Kí ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń bójú tó àwọn arúgbó, ẹ bi wọ́n léèrè: kí ló ń dí yín lọ́wọ́ jù? Kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe ká ní owó díẹ̀ wà? Ta ló ti ń ṣe é, tí owó ò jẹ́ kó ṣe é dáadáa? Ìbéèrè kẹta yẹn ló wúlò jù. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, owó yín máa rìn jìnnà ju kẹ́ ẹ dá tiyín sílẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹlòmíì ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ igi. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tún àga tó ti mì ṣe, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn yàrá tí tábìlì fi máa bá a mu, ẹ lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú láìgé ara rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá sọ fún yín pé àga tó fọ́ kún inú yàrá kan fọ́fọ́, tí àwọn ọmọ ń jókòó sílẹ̀, iṣẹ́ tó pè yín lórúkọ nìyẹn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń fẹ́ aṣọ, ẹnikẹ́ni tó lówó ló lè rà á fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun tẹ́ ẹ ní ní àníṣẹ́kù. Àga mẹ́wàá tí oníbàárà kọ̀ torí pé àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, ó rọrùn láti sọ ọ́ di àánú. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fún wọn o. Ẹ kàn bi ara yín bóyá àwọn tó fẹ́ gbà á nílò rẹ̀, bóyá wọ́n lè gbé e, bóyá ó bá ọmọ tó máa jókòó sí i mu, àti ta ló máa kó o dànù bó bá bàjẹ́. Ohun tójú rí lágbo òògùn ti kọ́ gbogbo èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Láàárín 1992 sí 1996, nígbà ogun Bosnia àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn oníwàdìí fojú bù ú pé òògùn tí kò wúlò tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè náà lórúkọ àánú tó 17,000 tọ́ọ̀nù. Òmíì ti kọjá ọjọ́, òmíì ò bá àìsàn kankan tó wà níbẹ̀ mu, owó rẹpẹtẹ ni wọ́n sì máa ná kí wọ́n tó lè dà á nù. Ní 1996, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí fífi òògùn tọrẹ. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí òògùn tó bá dé ṣì ní ó kéré tán ọdún kan kó tó kọjá ọjọ́, kó sì jẹ́ ohun tí àwọn tó ń gbà á sọ pé àwọn fẹ́. Ẹni tó ń gbà á ló ń sọ, kì í ṣe ẹni tó ń fúnni. Ẹ fi ìlànà yẹn sílò fún àga náà.

Àwọn tó ń ṣe bàtà TOMS náà kẹ́kọ̀ọ́ tó fara jọ ọ́. Láti 2006, bí wọ́n bá ta bàtà kan, wọ́n á fún ọmọ kan ní bàtà. Ó dùn létí, ọjà sì tà. Àríwísí ò jìnnà: ṣé bàtà ni ìṣòro àwọn ọmọ yẹn lóòótọ́, báwo sì ni nǹkan ṣe máa rí fún àwọn tó ń rán bàtà tà ládùúgbò wọn? Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà fi ètò yẹn sílẹ̀, ó bọ́ sórí fífi ìdá kan nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ ran àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú lọ́wọ́. Bí ẹ bá kó àga ọ̀fẹ́ lọ síbi tí káfíńtà kan ti ń jẹun lórí títún àga ṣe, ẹ kọ́kọ́ lọ kí káfíńtà yẹn. Bóyá òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún láti ṣe é.

Ní ti àkókò àwọn òṣìṣẹ́. Timberland tó ń ṣe bàtà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1992 tó fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 16 lọ́dún láti fi ṣiṣẹ́ fún ìlú, owó iṣẹ́ wọn ò sì dín. Nígbà tó yá, ó di wákàtí 40. Gbólóhùn "owó iṣẹ́ wọn ò dín" yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Bí ẹ bá ní kí òṣìṣẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé láti ṣe iṣẹ́ àánú ilé-iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àánú tirẹ̀ lẹ̀ ń lò, orúkọ yín ló sì wà lára aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì lè fà á sẹ́yìn nígbà tó bá wù ú. Fún èèyàn mẹ́rìnlá, wákàtí 8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún tó, kó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan gbáko. Ẹ má kó gbogbo wọn lọ kun ògiri. Àwọn àjọ aláàánú kì í fẹ́ sọ ọ́ síta, àmọ́ èèyàn mẹ́rìnlá tí kò mọ ọ̀dà á kùn fún ọjọ́ kan máa ń dá iṣẹ́ àtúnṣe sílẹ̀ fún wọn. Kí káfíńtà lọ ṣe iṣẹ́ káfíńtà, kí akọ̀wé owó yín lọ bá wọn to ìwé owó wọn.

Nǹkan mìíràn tí kì í ná yín lówó púpọ̀: bí òṣìṣẹ́ bá fún àjọ kan lówó látinú àpò ara rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ fi iye kan náà kún un, títí dé gbèdéke kan. Ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 1954, ọ̀pọ̀ sì ti tẹ̀ lé e. Inú 2 nínú 10 yẹn ni owó rẹ̀ á ti máa wá. Ọ̀nà tó dára nìyẹn láti gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn yín láì pe ìpàdé.

Ẹ má fún àjọ tẹ́ ẹ bá yàn lówó lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣé wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Àwọn wo ló ń bójú tó o, ṣé kì í ṣe ìdílé kan ṣoṣo? Ṣé wọ́n lè fi ìwé owó ọdún tó kọjá hàn yín? Láwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹ ò tiẹ̀ nílò láti béèrè: ní Amẹ́ríkà, ìwé Form 990 táwọn àjọ aláàánú ń kọ sí ìjọba ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ìwé àkọsílẹ̀ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn àjọ aláàánú, sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilẹ̀ England àti Wales. Ẹ lọ wo iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ tí wọn ò retí ọ̀pọ̀ àlejò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọkàn tán wọn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń sọ pé kí owó àwọn má ṣe lọ sórí owó oṣù àti owó iná, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tààrà. Ẹ̀yin náà ń san owó iná. Àga kan ò lè jáde nílé-iṣẹ́ yín tí iná ò bá sí, kò sì sí àjọ tó lè tọ́jú ọmọ láìsan owó oṣù ẹni tó ń tọ́jú wọn. Ẹ fún wọn lówó tí wọ́n lè lò bó ṣe yẹ, ẹ ṣèlérí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa san án lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún. Ìròyìn ojú ìwé kan lọ́dún tó: ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí kò bọ́ sí i, ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà. Bí ẹ bá fún èèyàn lówó kékeré tẹ́ ẹ wá ń gba ìròyìn ogún ojú ìwé, ẹ ti gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kíkọ̀ wá ńkọ́? Ẹ kọ ètò yín sí ojú ìwé kan: ohun tẹ́ ẹ ń ṣe, ohun tẹ́ ẹ ò ṣe, ìgbà tẹ́ ẹ ń gba ìwé ìbéèrè (ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó), àti ẹni tó ń dáhùn. Kó má ṣe jẹ́ ẹ̀yin, kó má sì jẹ́ ẹnì kejì yín. Kí òṣìṣẹ́ kan tí kì í tètè káàánú gba iṣẹ́ náà. Bí ẹnì kan bá wá, ó lè sọ pé: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí wa. Iṣẹ́ àga ilé-ẹ̀kọ́ la yàn fún ọdún mẹ́ta yìí, a ò ní lè kún tiyín. Ẹ má bínú." Kí ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ìgbà mẹ́rin burú ju "rárá" ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ ní àwọn oníbàárà yín náà ń béèrè. Ẹ rọra níbẹ̀. Bí oníbàárà lásán bá béèrè, ẹ ka tirẹ̀ mọ́ ti gbogbo ayé. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń béèrè ló fẹ́ pinnu ẹni tí wọ́n máa gbéṣẹ́ fún, yálà ọ̀gá ìjọba tàbí ẹni tó ń rajà fún ilé-iṣẹ́ ńlá, àánú yẹn lè di rìbá kẹ́ ẹ tó mọ̀, bí àjọ tí wọ́n ń gbowó fún bá tiẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Ní 2004, SEC tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ òògùn Schering-Plough lẹ́jọ́. Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà ní Poland ti fún àjọ kan tó ń tún ilé olódi àtijọ́ ṣe ní nǹkan bí 76,000 dọ́là. Àjọ náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀ ló tún jẹ́ olórí àjọ ìlera ìjọba tó ń fi owó ra òògùn ní agbègbè yẹn. Schering-Plough san 500,000 dọ́là owó ìtanràn láìgbà láìkọ̀. Torí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ojú ìwé yẹn: bí iṣẹ́ kan bá wà nílẹ̀ láàárín àwa àti ẹnì kan, a ò ní fún àjọ tó dámọ̀ràn rẹ̀ ní kọ́bọ̀ títí tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà á fi parí.

Owó-orí ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń darí yín, síbẹ̀ kẹ́ ẹ bi oníṣirò owó yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ wo Amẹ́ríkà: láti 1935 ni òfin ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ láàyè láti yọ owó ìtọrẹ kúrò nínú èrè tí wọ́n ń san owó-orí lé. Gbèdéke rẹ̀ wà ní ìdá 5 nínú 100 nígbà náà, ó ti di ìdá 10 báyìí. Àmọ́ láti 2026, fún ilé-iṣẹ́ tó ń san owó-orí fúnra rẹ̀, ohun tó bá lé ní ìdá 1 nínú 100 èrè tó ń san owó-orí lé nìkan ló ṣeé yọ. Ẹni tó bá ń fún ìdá 1 géérégé níbẹ̀ ò ní rí nǹkan kan yọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ibi tí òfin yẹn ti gbà yín láyè láti ka wákàtí tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ sí owó ìtọrẹ. Ẹ tún ya ìtọrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìpolówó: bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá kọ orúkọ yín sẹ́yìn aṣọ wọn, owó ìpolówó lẹ san, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Fáúńdéṣọ̀n ńkọ́? Rárá, kì í ṣe báyìí. Fáúńdéṣọ̀n nílò alámójútó, ìwé owó tirẹ̀, ìròyìn sí ìjọba lọ́dọọdún, àti ìlànà tí ẹ ò lè rú. Ní Amẹ́ríkà, fáúńdéṣọ̀n aládàáni gbọ́dọ̀ ná nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 dúkìá rẹ̀ lọ́dọọdún. Pẹ̀lú ìdá 2 nínú 100 èrè ilé-iṣẹ́ èèyàn mẹ́rìnlá, amòfin àti oníṣirò owó ló máa kọ́kọ́ jẹ àánú náà. Bí ó bá wù yín pé kí owó náà ní orúkọ, ẹ wò ó bóyá fáúńdéṣọ̀n ìlú wà ládùúgbò yín, irú èyí tí Frederick Goff kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Cleveland ní 1914. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da owó wọn pọ̀ síbẹ̀, àjọ náà ló ń ṣe ìwé rẹ̀, ẹ sì lè ní àpò tó ń jẹ́ orúkọ yín nínú rẹ̀. Bí irú rẹ̀ ò bá sí, àkáǹtì báńkì kan tó yàtọ̀ sí ti òwò tó fún yín.

Ṣé kẹ́ ẹ sọ ọ́ síta? Ẹ lè sọ ọ́. Ní 1999, Philip Morris tó ń ta sìgá fi 75 mílíọ̀nù dọ́là tọrẹ, ó sì ná 100 mílíọ̀nù láti polongo pé òun tọrẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fífi ìtọrẹ tajà pàápàá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó bá hàn kedere. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ère Statue of Liberty ṣe ní 1983, American Express, ilé-iṣẹ́ káàdì ìsanwó, ṣèlérí sẹ́ǹtì kan fún gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá lo káàdì rẹ̀, àti dọ́là kan fún káàdì tuntun kọ̀ọ̀kan. Ó kó 1.7 mílíọ̀nù dọ́là jọ, lílo káàdì náà sì lọ sókè ní ìdá 27 nínú 100. Gbogbo èèyàn mọ iye tó ń lọ àti ibi tó ń lọ. "Díẹ̀ lára owó yìí máa lọ fún àwọn aláìní" kò tó. Èló? Fún ta? Títí di ìgbà wo? Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yín kọ́kọ́ gbọ́ kí ará ìta tó gbọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ má gbé ojú ọmọ aláìní sára ìwé ìpolówó àga. Òbí rẹ̀ lè má lẹ́nu láti kọ̀ fún yín.

Níbo lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀? Ẹ mú àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá, kí ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín jọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi fún un. Bó bá jẹ́ "torí ó wá" ni, ẹ fa igi lé e. Àwọn tó kù ló máa sọ fún yín ohun tó jẹ yín lógún gan-an, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yín méjèèjì ò jìnnà síra. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ fún lọ́dún tó kọjá tí wọn ò ní sí nínú ètò tuntun. Ẹ kọ ọ́ báyìí, kí wọ́n tó ṣètò ọdún wọn, kí wọ́n má bàa ti kà yín mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí èyí tó ń fi owó yín san owó ilé tàbí owó oṣù ẹnì kan, ẹ fún un ní ìdajì iye yẹn fún ọdún kan sí i, kẹ́ ẹ sọ fún un kedere pé ó parí síbẹ̀.